Kí Ẹ Tó Fọ Abọ́

 

Ẹ wo òǹkọ̀wé eré oníṣe. Ó jókòó, ó na bébà sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni yóò rántí pé ilé dọ̀tí. Ó gbálẹ̀ tán, ó rántí abọ́. Ó fọ abọ́ tán, ó rántí aṣọ. Aṣọ ti gbẹ, eré ò tíì bẹ̀rẹ̀!

Ṣé ọ̀lẹ ni? Rárá o. Ọ̀lẹ kì í fọ aṣọ. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù kí ni? Ẹ̀rù pé ohun tó dùn lọ́kàn lè má dùn lórí bébà. Mo mọ ẹ̀rù náà dáadáa. Ṣùgbọ́n òṣèré ń dúró. Onílù ń dúró.

Ẹ rántí Hubert Ògúndé, àgbà eléré orí ìtàgé. Ọlọ́pàá ni lọ́dún 1944, nígbà tó gbé eré Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run jáde l'Ékòó. Ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ a máa kọ orin sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ńkọ́? Àwọn òṣèré ló ń hun ún lórí ìtàgé. Ẹ ò rí i? Wọn ò dúró dìgbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ bá pé.

Ẹ̀yin tí ìtàn ń gbé lọ́kàn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú kálàmù láàárọ̀ yìí. Ẹni tó máa kọ́kọ́ jáde sórí ìtàgé, kí ló máa sọ? Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀. Kí ẹ tó fọ abọ́ o.