Herbert Macaulay àti Ìbò Èkó
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará Ajégúnlẹ̀ sọ)

Ìtàn ọkùnrin tí ó kọ́ Èkó ní ìbò dídì, ṣùgbọ́n tí òfin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìbò fún un, ni a mú wá.

Ọ̀ràn ilẹ̀ Àpápá, aládùúgbò yín yìí, ni ó gbé orúkọ Herbert Macaulay ga. Ìjọba gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa. Macaulay sì bá olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó ṣe akọ̀wé àti ògbufọ̀ fún un. Ní 1921 ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ dá Olúwa láre, pé ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni kí ìjọba sanwó fún.

Ní 1923, nígbà tí òfin Gómìnà Clifford fún Èkó ní àga 3 ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, Macaulay dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tún gbà wọ́n ní 1928 àti 1933. Orúkọ Macaulay kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí pé wọ́n ti rán an lẹ́wọ̀n ní 1913.

Ta ni ó ń dìbò nígbà náà? Ọkùnrin nìkan ni, ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò dín ní £100 lọ́dún. Alábàárù kò ní ìbò. Àwọn ìyá ọlọ́jà, tí Alímọ́tù Pẹ́lẹ́wùrà jẹ́ olórí wọn, kò ní ìbò. Síbẹ̀ àwọn gan-an ni agbára Macaulay.

Ní 1938 àwọn ọ̀dọ́ gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kú ní 1946. Ọdún 4 lẹ́yìn náà ni tọkùnrin tobìnrin Èkó tó dìbò fún ìgbìmọ̀ ìlú, láìsí pé a ń bi ẹnikẹ́ni iye owó tí ń wọlé fún un.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́. Ní ìbò ààrẹ 2023, orúkọ tí ó wà nínú ìwé ní Ìpínlẹ̀ Èkó lé ní mílíọ̀nù 7. Àwọn tí ó dìbò kò tó mílíọ̀nù 1 ààbọ̀. A mọ̀ pé ìbẹ̀rù jàǹdùkú dá àwọn kan dúró sílé. Àwọn yòókù ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ fún wa kí a tó tú ká; ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá ọlọ́jà kọ́kọ́ fèsì.