Ìpè, Ewu àti Ìbẹ̀rù: Ẹ̀kọ́ Inú Iṣẹ́ Àjàyí Crowther

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn òwe yìí nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ̀dọ́ pé kó jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Ohun tí wọ́n máa ń fà yọ níbẹ̀ ni pé bí ẹ̀rù bá ti ń ba èèyàn, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti ń jò nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo bá wá lónìí. Mo gbà pé ìtara ló ń gbé èèyàn dé ojú ewu, ṣùgbọ́n ìtara nìkan kò tó láti mú un dúró níbẹ̀, kó sì ṣe iṣẹ́ tí yóò kù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, tó sì jẹ́ kí ẹ̀rù náà kọ́ òun lọ́gbọ́n, ni ìpè rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó so èso, tí èso náà sì máa ń wà títí. Ẹ̀rí tí mo mú wá ni iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti ti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é.

Bí ẹ̀rù bá yẹ ẹnikẹ́ni, ó yẹ Crowther. Ní 1821, nígbà tó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún méjìlá, ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ Potogí ní Èkó. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, tó kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró, níbi tó ti di onígbàgbọ́, tó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825. Nígbà tí àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, òwò ẹrú ṣì ń lọ ní pẹrẹu ní Èkó. Wọ́n ja àwọn kan nínú wọn lólè níbẹ̀, kò sì sí ohun tó ní kí wọ́n má tún wọn tà. Nítorí náà, nígbà tí Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Henry Townsend àti C. A. Gollmer, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845, Crowther mọ bí ẹ̀wọ̀n ṣe ń rí lọ́rùn èèyàn. Wọ́n gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n gbójú lé, ti kú, ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta kò sì dára. Wọn kò ki orí bọ̀ ọ́. Nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró, wọ́n ń wàásù, wọ́n ń kọ́ ọmọdé níwèé, Crowther sì ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀nà là ní 1846, Crowther àti Townsend wọ Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ pe ìdúró yẹn ní ìbẹ̀rù lè pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó má gbàgbé pé ó mú wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ láàyè.

Odò Ọya fi ọ̀rọ̀ yìí hàn ju ibikíbi lọ. Ní 1841, ọkọ̀ mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ odò náà, Crowther àti J. F. Schön sì wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS. Nínú òyìnbó 145, ibà dá 130 dùbúlẹ̀, ẹni tó lé ní 40 sì kú. Ìtara pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìmọ̀ nípa ibà ni kò sí. Àwọn aláwọ̀ dúdú inú ọkọ̀ kò kú bẹ́ẹ̀, Schön sì gbà pé àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ló yẹ kí a kọ́ fún iṣẹ́ náà. Ní 1854, Dókítà W. B. Baikie tún wọ odò kan náà nínú ọkọ̀ Pleiad, Crowther sì bá a lọ. Baikie ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní oògùn kuinínì kí ibà tó mú wọn rárá, kò sì sí òyìnbó kan tó kú. Ìtara ti 1854 kò ju ti 1841 lọ. Àwọn tó lọ lẹ́yìn ló fi ikú àwọn tó ṣáájú kọ́gbọ́n: ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Nígbà tí wọ́n dá ibùdó Onitsha sílẹ̀ ní 1857, J. C. Taylor ni wọ́n fi síbẹ̀, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí ní Sàró, gẹ́lẹ́ bí Schön ṣe dá a lábàá.

Ẹnìkan lè ní àìnígbàgbọ́ ni mò ń pè ní ọgbọ́n yìí. Ìwé Mímọ́ kò gbè é lẹ́yìn. Pọ́ọ̀lù tí wọ́n fi agbọ̀n sọ̀ kalẹ̀ lára odi Damásíkù kó lè sá lọ náà ni Pọ́ọ̀lù tí ẹkún àwọn ará kò lè dá dúró nígbà tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù. Olúwa tó kọ̀ láti bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ńpìlì náà ni kò sá ní Gẹtisémánì. Kí a tó sá tàbí kí a tó dúró, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí sísá yóò mú wa fi sílẹ̀. Ní 1867, olóyè kan tó ń jẹ́ Abokko mú Crowther àti Dandeson ọmọ rẹ̀ nítòsí Idah, ó ń béèrè owó kó tó tú wọn sílẹ̀. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó lọ gbà wọ́n, kú lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n pa ibùdó Idah tì, iṣẹ́ sì ń lọ níbòmíràn. Ilẹ̀ kan ni Crowther fi sílẹ̀. Kò fi ìhìn rere sílẹ̀. Joshua Hart, onígbàgbọ́ kan ní Bonny, kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 1875. Ẹrú ni. Wọ́n ní kó jẹ ohun tí wọ́n fi bọ òrìṣà, ó kọ̀, wọ́n sì pa á. Kò sí ìlú kejì tó lè sá lọ, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó sẹ́ Olúwa rẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n parí sí nìyẹn. Ẹni tó ti ń fi ewu ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní mọ ibẹ̀ bó bá dé e.

Àtakò kejì le ju èyí lọ. Àwọn kan ní ìtara àwọn míṣọ́nnárì ló ṣílẹ̀kùn fún àmúnisìn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní 1851, Crowther ṣàlàyé fún àwọn aláṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí kan Ọbabìnrin Victoria, ohun tí òwò ẹrú ń ṣe sí ilẹ̀ Yorùbá. Kí ọdún náà tó parí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó, ní 1861 wọ́n sì gba ìlú náà. Ẹni tó ti ṣẹrú rí ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ kí òwò ẹrú parí, síbẹ̀ ewu tí a fi ara wa wọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó já lu ẹlòmíràn. Torí náà, bí ìtara bá gbóná, ó tọ́ ká béèrè ẹni tí yóò san gbèsè rẹ̀. Ẹ wo G. W. Brooke àti J. A. Robinson, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọ́n wá sí odò Ọya ní nǹkan bí 1890. Wọ́n kọ ààbò ìjọba orílẹ̀-èdè wọn. Àmọ́ bí wọn kò ṣe bẹ̀rù ikú, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò bẹ̀rù pé àwọn lè ṣì ènìyàn dá lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Onitsha, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn dá àwọn òṣìṣẹ́ dúdú Crowther lẹ́bi, Bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Kí 1892 tó parí, Robinson, Crowther àti Brooke ti kú tán, ohun tí àwọn ọmọ Sàró fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó.

Síbẹ̀, Bíbélì Yorùbá tí wọ́n parí ní 1884 ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ọgbọ́n dá ẹ̀mí rẹ̀ sí láti Àgbádárìgì títí dé odò Ọya ló darí iṣẹ́ náà. Ìjọ tó ń rán òṣìṣẹ́ lọ síbi tó léwu lónìí gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ bó bá ṣàìsàn, ẹni tí yóò tọ́jú aya àti ọmọ rẹ̀, àti ẹni tó lè sọ fún un pé kó padà láìpè é ní ojo. Ó tún gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí ìrìn àjò náà yóò ná àwọn tí wọ́n ń gbé ibẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kan bá wá sọ fún yín pé Ọlọ́run pe òun, ẹ má bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á. Ẹ bi í ní ohun tí ẹ̀rù náà ti kọ́ ọ.