Kí Ẹ Tó Ra Ilé Tí Ẹ Ó Fi Máa Gbowó Ilé l'Ọ̀tà

Ẹni tó ti tu owó jọ, tó fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí ilé àkọ́kọ́ tí yóò máa fi gbowó ilé l'Ọ̀tà, òun là ń bá wí lónìí. “Èló ni wọ́n ń gba yàrá ládùúgbò yẹn?” ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú; bóyá ilẹ̀ náà mọ́ lójú òfin ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí.

Àyálégbé kò wọ́n. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ń wá yàrá kiri láti Ṣàngó títí dé Àtàn lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ẹni tó ń jáde iṣẹ́ òru kò sì fẹ́ wọ ọ̀kadà méjì kó tó délé. Ẹ má sáà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ Yunifásítì Covenant ta ilẹ̀ fún yín o: inú ọgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń sùn.

Etí títì gan-an ni òfin ti máa ń múni jù. Ti ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, mítà 45.72 láti àárín títì, lọ́tùn-ún lósì, ìjọba ló ni ín. Ilé tó bá wọ ibẹ̀, ọjọ́ tí katakata bá dé, ríṣíìtì ọmọ onílẹ̀ kò lè dá a dúró. Bí ilẹ̀ bá pọ́ọ́kú jù, ẹ wádìí. Kí sáfíyọ̀ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, gbé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì Sáfíyọ̀ Àgbà l'Abẹ́òkúta, kó wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà.

Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ilẹ̀ ẹbí sì pọ̀ níbẹ̀. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí, lójú òfin, kò tà á rárá. Bí olórí ẹbí bá sì tà á lẹ́yìn àwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n lè lọ fagi lé e ní kóòtù. Kí gbogbo wọn fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn náà ló kan ìfọwọ́sí gómìnà, gẹ́gẹ́ bí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ṣe là á kalẹ̀. Báńkì Savannah fojú rí i ní 1989: Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ilé tí Ajilo fi dógò lọ́dọ̀ wọn láìsí ìfọwọ́sí gómìnà, ìdógò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ rántí ààlà Èkó àti Ògùn o. Ẹni tó bá ti Alákùkọ kọjá Toll Gate ti bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí Ọ̀tà wà. Òfin àyálégbé Èkó ti 2011, tó ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ àyálégbé tuntun, kò dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ kàn ń fi halẹ̀ mọ́ra wọn ni. Ìyẹn ò ní kí onílé Ọ̀tà máa ṣe bó ti wù ú. Àyálégbé tó ń san lọ́dọọdún, bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, nótíìsì oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i, kí ti ọlọ́jọ́ méje tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà kóòtù. Kó jẹ gbèsè o, kó má jẹ o, onílé kò gbọ́dọ̀ ṣí páànù lé e lórí tàbí kó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí lè pe onílé lẹ́jọ́. Kóòtù májísíréètì wà l'Ọ̀tà níbẹ̀, kò dìgbà tó bá dé Abẹ́òkúta.