Ẹni Tí Ó Farapa Lórí àti Àwọn Tí Ń Ṣọ́ Ọ: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọmọ Ìlú Nílé Lóko

Ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi àti ilé-ẹ̀kọ́ ni a sábà máa ń gbọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yìí, a bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí á sọ ti ohun kan tí ń wọ ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kì í sì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Èyí ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó farapa nínú ọpọlọ, àti ti àwọn ará ilé rẹ̀ tí wọ́n jókòó tì í, tí wọ́n ń retí kí ó jí.

A kì í ṣe oníṣègùn. Olùkọ́ ni wá, iṣẹ́ wa sì ni láti máa wo ọmọ títí òye yóò fi là á. Púpọ̀ nínú ohun tí a ó sọ, àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n kọ́ wa. Èyí tí ó kù, ojú wa ni ó rí i.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ẹni ọdún 26 tí ó ń ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, wà lẹ́yìn ọlọ́kadà ní ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí ọkọ̀ kan kọlù wọ́n. Àwọn méjèèjì kò dé àṣíborí. Ẹsẹ̀ ọlọ́kadà ṣẹ́, ó sì ń ké. Ọmọ tiwa kò ké rárá. Egungun rẹ̀ kankan kò ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí ó jáde lára rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nígbà tí a pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn. A gbé e dé ilé-ìwòsàn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lóru ọjọ́ náà, ẹ̀rọ sì ń bá a mí fún ọjọ́ 9.

Ní ọjọ́ kejìlá, ẹbí pé jọ. Owó ti ń tán lọ. Àwọn kan ní kí á gbé e lọ sí ibi àdúrà; àwọn mìíràn ní kí á gbé e lọ sílé, kí ó má baà jẹ́ pé ilé àjèjì ni yóò kú sí. A kò bínú sí ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìbẹ̀rù ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kò sọ ohunkóhun. Ó kàn ń wo ilẹ̀. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì kan tí ó gbọ́ àríyànjiyàn wa mú ìwé tí wọ́n ń kọ sí nípa ọmọ náà wá, ó sì tẹ́ ẹ síwájú wa. Ó ní, "Ẹ wò ó, ọjọ́ tí ẹ gbé e dé, máàkì 5 ni ó gbà. Lónìí, ó gba 8." Àwa tí a ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wa fún ọmọ ní máàkì, a kò mọ̀ pé wọ́n ń fún ẹni tí ó sùn ní máàkì pẹ̀lú.

Ìlànà náà rọrùn láti mọ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Graham Teasdale àti Bryan Jennett, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ méjì ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1974, gbogbo ayé sì ń lò ó títí di òní. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò. Èkínní ni ojú: ṣé ó ń là fúnra rẹ̀, tàbí nígbà tí a bá pè é, tàbí nígbà tí nǹkan bá dùn ún, tàbí kò là rárá? Máàkì 4 ni èyí. Èkejì ni ohùn, láti orí àìfọhùn títí dé ọ̀rọ̀ tí ó jọra wọn. Máàkì 5 ni. Ẹ̀kẹta ni bí ara ṣe ń mira: ṣé ó ń ṣe ohun tí a sọ, tàbí ó ń nawọ́ sí ibi tí ń dùn ún, tàbí ó kàn ń fà sẹ́yìn, tàbí kò mira rárá? Máàkì 6 ni. Ẹni tí ó jí pérépéré gba 15; ẹni tí kò ní ìmira kankan gba 3. Ẹni tí ó gba 8 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, oorun àìjí ni ó wà.

Nítorí náà, ọmọ wa kò tí ì jí. Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Ojú tiwa kò rí i, nítorí pé ohun ńlá ni à ń retí. À ń retí kí ó dìde jókòó, kí ó ní, "Ìyá mi, ebi ń pa mí." Àwọn nọ́ọ̀sì ń wo ìpéǹpéjú, wọ́n ń wo ìka. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹbí tú ká ní alẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìpinnu kan: a kò ní gbé e lọ sí ibìkan.

Ó yẹ kí á rántí ibi tí irú ìtọ́jú yìí ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ní ọdún 1962, Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku, ọmọ Àwẹ́, tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, padà wá sí ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ẹni ọdún 47 péré ni nígbà tí ó kú ní London ní ọdún 1974, ọdún kan náà tí ìlànà Glasgow jáde. Ṣùgbọ́n ó ti fi ẹ̀ka kan àti àwọn ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀. Lónìí, ní Èkìtì wa níhìn-ín, ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá náà sì ṣí ní Adó ní ọdún 2017.

A padà sí ọ̀rọ̀ ọmọ wa. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n wa figbe ta, gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́. A tẹ àwọn ará Èkó láago, a tẹ àwọn ará London láago: ọmọ ti jí! Dókítà wá, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Màmá, ẹ ní kí ó fi ọwọ́ yín sílẹ̀." Ẹ̀gbọ́n wa sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Dókítà ní kí á má ṣe bọkàn jẹ́, ṣùgbọ́n kí á mọ òtítọ́. Ó ní ọmọ tuntun tí a bí lánàá, bí a bá fi ìka sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, yóò dì í mú. Kò sì mọ ìyá, kò mọ baba. Ara ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, láìdúró de òye. Dídi ọwọ́ mú nìkan kò tó ẹ̀rí. Fífi ọwọ́ sílẹ̀ nígbà tí a bá ní kí ó fi í sílẹ̀, ìyẹn ni ẹ̀rí pé ó gbọ́, pé ó yé e, pé ó sì fẹ́ ṣe é.

Ojú tì wá láti tún tẹ Èkó àti London láago. Ọjọ́ márùn-ún kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ̀gbọ́n wa ki oríkì ọmọ rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó sì ní kí ó di ọwọ́ òun mú. Ó dì í mú. Ó ní, "Ó tó. Fi ọwọ́ mi sílẹ̀." Ìka náà ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, àtàǹpàkò ni ó ṣí kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n wa kò pariwo mọ́. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ tún ṣe é. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún ṣe é. Nígbà náà ni ó lọ pe nọ́ọ̀sì. Ìyá tí ó ti fi ọjọ́ 19 bẹ ọmọ pé kí ó má fi òun sílẹ̀, òun náà ni ó ń sunkún ayọ̀ nítorí pé ọmọ fi ọwọ́ òun sílẹ̀.

Láti inú ohun tí a rí yìí ni a ti fẹ́ bá ẹ̀yin ará ilé aláìsàn sọ̀rọ̀. Èkínní, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ní èdè tí ó mọ̀, pẹ̀lú oríkì tí a fi tọ́ ọ dàgbà. Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń sọ pẹ̀lú. Ní ọdún 2006, Adrian Owen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa ọ̀dọ́bìnrin kan tí ọkọ̀ ti pa lára, tí a rò pé kò mọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n ní kí ó fi ọkàn rò ó pé òun ń gbá tẹ́níìsì, kí ó sì tún rò ó pé òun ń rìn káàkiri inú ilé òun. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ sì fi hàn pé ó ń ṣe é bí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wà ní ipò bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n àwa tí a dúró ti ibùsùn kò lè fi ojú lásán mọ ẹni tí ó ń gbọ́. Ẹ má ṣe jíròrò owó pósí lórí ẹni tí ó ṣì ń mí.

Èkejì, ẹ má ṣe rọ́ jọ sí iyàrá náà. Ọpọlọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí tètè máa ń rẹ̀. Ohùn ẹnì kan ní àkókò kan tó o. Ẹ̀kẹta, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti agogo. Dókítà kò lè wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, àmì sì lè hàn ní òru kí ó tún pòórá.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ ni èyí tí ó kù. Ọjọ́ tí ó là ojú kọ́ ni ọjọ́ tí ó padà dé. Nígbà tí ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pe ìyá rẹ̀. Ó ń bínú, ó ń bú àwọn nọ́ọ̀sì, ẹni tí kò bú ènìyàn rí. Àwọn àlejò wò ó, wọ́n sì lọ sọ ní ọjà pé orí rẹ̀ ti dàrú. Kì í ṣe wèrè. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà padà bọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń gba ibẹ̀ kọjá. A mú sílétì àti ṣọ́ọ̀kì wá, a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí a, b, d.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London ti gbọ́ orúkọ Michael Watson. Òun àti Chris Eubank ja ẹ̀ṣẹ́ ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991, ó sì wà nínú oorun àìjí fún ọjọ́ 40. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọpọlọ rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2003, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ní ọ̀nà eré ìje Maratọ́ọ̀nù ti London, ọ̀nà kìlómítà 42 tí àwọn mìíràn ń fi wákàtí díẹ̀ sá. Ọjọ́ 6 ni ó fi rìn ín, Peter Hamlyn, oníṣẹ́ abẹ tí ó tọ́jú rẹ̀, sì bá a rìn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ó ju ọdún 11 lọ láti orí ibùsùn dé ibẹ̀. Kò sì padà di abẹ̀ṣẹ́ mọ́.

Ọmọ tiwa ń fi ọ̀pá rìn lónìí. Ó máa ń gbàgbé ohun tí a rán an. Kò lè wọn igi mọ́, nítorí pé iye kì í dúró lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, ó ń fi pépà dan àga, ọ̀gá rẹ̀ sì ní kò sí ẹni tí ń dan án tó o. Òun kọ́ ni ẹni àná pátápátá. Ó gba ìyá rẹ̀ ní àkókò kí ó tó lè dẹ́kun wíwá ọmọ àná, kí ó sì fẹ́ràn ẹni tí ó padà bọ̀ fún un.

Alága wa, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni a fi ń parí ọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ wa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn tí ń ṣọ́ aláìsàn, nítorí pé ní ọjọ́ kejìlá, owó ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọmọ wa kúrò lórí ibùsùn. Èkejì, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa gba ìṣọ́ ṣe fún ìyá tàbí aya tí ó bá wà ní ilé-ìwòsàn, kí ó lè sùn ní òru kan. Ẹ̀kẹta ni ti àṣíborí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú ọlọ́kadà láti dé e, àwọn kan ní ilẹ̀ yìí da igbá dé orí láti fi tan ẹ̀ṣọ́ jẹ, a sì rẹ́rìn-ín. Àwọn olùwádìí ti rí i pé àṣíborí ń dín ewu ìfarapa orí kù ní nǹkan bí 69 nínú 100 fún ẹni tí ó bá jábọ́ lórí alùpùpù, ó sì ń dín ewu ikú kù ní 42 nínú 100. Kí ẹgbẹ́ ra fún àwọn ọlọ́kadà wa, méjì méjì, ọ̀kan fún awakọ̀, ọ̀kan fún èrò.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ̀gbọ́n wa jókòó láàárín yín níhìn-ín, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí i, ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Yóò di ọwọ́ yín mú, yóò sì fi í sílẹ̀. Kí Ọlọ́run má fi àwárí wá ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.