Ẹni Tí À Ń Bá Nájà Là Ń Wò: Ìpolówó, Ayélujára àti Bọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ eré ìdárayá bá ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa sọ. A gbé e síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wá, pàápàá ẹ̀yin ará wa tó wà lẹ́yìn odi.)

   A kú ìpalẹ̀mọ́ ìdíje bọ́ọ̀lù oṣù Kejìlá. Àṣeyọrí la ó fi ṣe.

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi kò le. Ẹ ní kí n ṣàlàyé bí ìpolówó ọjà àti ìkànnì ayélujára ṣe ń gbé eré ìdárayá àti fàájì lárugẹ, kí a tó dìbò lórí ìwé tí ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kan kọ sí wa. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé náà. Wọ́n ní àwọn á ra jẹ́sì fún gbogbo àdúgbò, àwọn á gbé ife àti owó ẹ̀bùn kalẹ̀, àwọn á sì tún pápá ṣe. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí orúkọ wọn wà láyà jẹ́sì, kí wọ́n pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí orúkọ wọn sì máa wà nínú gbogbo fídíò tí a bá gbé jáde. N ò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìjà. Ẹ ṣáà jẹ́ ká mọ ohun tí à ń tà ká tó gbowó ẹ̀.

Ìpolówó kì í ṣe ọ̀tá wa

Àwọn àgbà kan nínú wa máa ń sọ pé ọjà tó bá dáa, ara ẹ̀ ló ń tà. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹlẹ́kọ tí kò bá kígbe, ẹ̀kọ á tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí fóònù tó dé, akéde ló ń lu agogo kiri àdúgbò. Nígbà tí Hubert Ògúndé àti àwọn òṣèré alárìnjó ìgbà yẹn bá wọ ìlú, ọkọ̀ wọn ni wọ́n máa ń fi yí ìgboro po pẹ̀lú gbohùngbohùn. Wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ògiri, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọdé àtàgbà ti mọ ibi tí eré máa wà. Ní 1976, tí IICC Shooting Stars Ìbàdàn di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, rédíò ló gbé orúkọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Mudà Lawal dé oko tí kò sí iná mànàmáná.

Lóde òní, fóònù ni agogo. Ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Gbogbo ọdún, ọjọ́ kẹta Iléyá, ni àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ máa ń wọṣọ ẹgbẹ́ wá kí Awùjalẹ̀, tí àwọn ìdílé Balógun sì máa ń gẹṣin. Ó ti pẹ́ tí Globacom ti ń ṣe onígbọ̀wọ́ ọdún náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú agbádá, ìlẹ̀kẹ̀ àti awò dúdú, tàn ká ayélujára bí iná inú ọyẹ́. Àwọn tí kò dé Ìjẹ̀bú rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọjọ́ tí ọdún tó ń bọ̀ máa bọ́ sí. Ọkùnrin náà, tó ti ń bá àrùn jẹjẹrẹ fínra tipẹ́, wá rí àyè sọ̀rọ̀ nípa àrùn náà fún gbogbo ayé.

Ẹ tún wo Fúnkẹ́ Akíndélé. Fíìmù ẹ̀, A Tribe Called Judah, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá wa. Pátákó ojú títì nìkan kọ́ ló ṣe é. Òun àti àwọn òṣèré ẹ̀ ń jó, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀ lórí Instagram àti TikTok, wọ́n sì ń lọ bá àwọn òǹwòran ní sinimá.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Kì í ṣe fọ́tò ló dá Ojúde Ọba sílẹ̀. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń dáwó jọ, wọ́n ti ń pàṣẹ aṣọ òkè, wọ́n ti ń tọ́jú ẹṣin kí ayélujára tó dáyé. Ìpolówó kàn gbé ohun tó wà nílẹ̀ lọ síbi tó jìnnà ni. Ohun tó bá bá nílẹ̀ náà ló máa gbé, ìbáà dáa, ìbáà burú.

Ohun tó ti yí padà

Ìpolówó àtijọ́, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Bí rédíò bá polówó sìgá, bàbá wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀, ẹnìkan lè sọ pé, "Ẹ má dá wọn lóhùn." Ìpolówó òde òní, ọmọ nìkan ló ń rí i, lábẹ́ aṣọ ìbora, ní aago méjì òru.

Èkejì, kì í jọ ìpolówó mọ́. Aláwàdà tí ọmọ fẹ́ràn máa ṣẹ̀fẹ̀, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, á wá dárúkọ ilé tẹ́tẹ́ kan láàárín ẹ̀fẹ̀ náà. Ẹni tó ń gba owó láti sọ ọ́ á sọ ọ́ bí ọ̀rẹ́ tó ń gba ọ̀rẹ́ nímọ̀ràn. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, iṣẹ́ gidi làwọn aláwàdà yìí ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ẹ̀fẹ̀ ni ariwo, ilé tẹ́tẹ́ lẹni tí à ń bá nájà.

Ẹ̀kẹta, ìkànnì ayélujára mọ̀ wá. Bí o bá tẹjú mọ́ fídíò bọ́ọ̀lù, tó o wò ó dópin, ó ti fi sọ́kàn. Á gbé òmíràn wá, á tún gbé òmíràn wá. Ẹni tó fẹ́ polówó lè yan ìlú, ọjọ́ orí àti ohun tí èèyàn fẹ́ràn, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ irú ẹni tó ń wá gẹ́lẹ́. A ò sanwó fún Facebook tàbí TikTok, àbí? Àwọn oníṣòwò ló ń sanwó fún wọn, ojú tiwa ni wọ́n sì ń rà.

Ìṣirò tí ìpolówó kì í ṣe fún wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú fóònù yín jáde kẹ́ ẹ bá mi ṣírò. Ká ní ẹnìkan kó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí ìgbà tá a ju owó ẹyọ sókè: ó lè ṣí, ó lè dé. Kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó bọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,024 ni. Bí kò bá sí ìrẹ́jẹ, ẹni tó fi 100 náírà ta á tó sì jẹ, 102,400 náírà ló yẹ kó gbà. Ṣùgbọ́n ilé tẹ́tẹ́ kì í kọ 2.00 sí irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní 1.90 ni wọ́n kọ. Ẹ fi 1.90 sọ ara ẹ̀ di púpọ̀ títí á fi pé mẹ́wàá, ẹ ó rí i pé bí 61,300 náírà lẹni náà máa gbà. Ó lé ní 40,000 tí wọ́n yọ lára ẹni tó jẹ gan-an! Àwọn 1,023 yòókù ńkọ́? Òfo ni.

Ta ni wọ́n wá ń ya fọ́tò ẹ̀ sórí ìpolówó? Ẹni kan ṣoṣo tó jẹ yẹn ni. Irọ́ kọ́ ni fọ́tò náà o, lóòótọ́ ló jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún ya àwọn 1,023 yòókù, tí wọ́n to fọ́tò wọn sára ògiri ọjà wa láti ọ̀nà kan dé èkejì, ta ló máa ta á lọ́la? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dá àjọ, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ mọ̀ ọ́n. Owó ìwé ìdánwò, owó ọkọ̀, owó ọjà tí wọ́n rán ọmọ, ẹ mọ ibi tó ń wọlẹ̀ sí.

Ohun tí àwọn tó lówó jù wá lọ ń ṣe

Ẹnìkan á sọ pé, "Ṣebí wọ́n ń ṣe é lókè òkun." Ó dáa. Ní oṣù Kẹrin 2023, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Premier League fohùn ṣọ̀kan pé bí sáà 2025/2026 bá parí, orúkọ ilé tẹ́tẹ́ kò ní sí níwájú jẹ́sì tí wọ́n ń wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Lóòótọ́ wọn ò tí ì yọ ọ́ lápá jẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Sípéènì ti ṣòfin ní 2020 tó yọ ọ́ kúrò lára jẹ́sì. Ítálì ti ṣòfin tako ìpolówó tẹ́tẹ́ láti 2018. Bí àwọn tó ń ra agbábọ́ọ̀lù kan ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn bá ń yọ ọ́ láyà àgbàlagbà, kí ló dé tí àwa fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà ọmọ ọdún 14?

Nílé níbí náà, kò sófin tó ní kí ọmọ tí kò tó ọdún 18 ta tẹ́tẹ́. Òfin tó dá ARCON sílẹ̀ ní 2022 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, tayélujára náà sì wà nínú ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni àkóso lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà. Ìtumọ̀ ẹ̀ fún wa ni pé kò dìgbà tá a bá dé Àbújá. Aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ máa ń wá jẹun ọdún pẹ̀lú wa. Ẹ jẹ́ ká bá a sọ ọ́.

"Bá a bá kọ̀ ọ́, àwọn ọmọ ò ní rí i ni?"

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ní ìgbìmọ̀ nìyẹn, ìbéèrè gidi sì ni. Wọ́n á rí i. Ó ti wà lórí fóònù wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí àlejò sọ fún ọmọ lójú títì yàtọ̀ sí ohun tí bàbá rẹ̀ fi wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá wọ orúkọ ilé tẹ́tẹ́ sáyà, tí Kábíyèsí jókòó, tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́, a ti sọ fún un pé a fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí àwa fọwọ́ ara wa kọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ ńkọ́?

Owó ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn tí kò bá mú owó dání, lásán ni. Ohun tí ìgbìmọ̀ wa dá lábàá rèé:

Èkíní, kí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan gba ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò kan mọ́ra. Àwọn ni wọ́n máa ra jẹ́sì, orúkọ ẹgbẹ́ wọn ló sì máa wà láyà ẹ̀.

Èkejì, kí a ta ẹ̀gbẹ́ pápá fún àwọn oníṣòwò tiwa: oníbúrẹ́dì, aránṣọ, onífọ́tò, àwọn awakọ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Owó kékeré láti ọwọ́ púpọ̀. Ẹni tó bá rí orúkọ ẹ̀ níbẹ̀ náà á polówó ìdíje wa fún wa.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́rin máa bójú tó ìkànnì wa, kí ẹgbẹ́ sì máa ra dátà fún wọn. Kí àtẹ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ jáde ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Kí fídíò góòlù jáde kí èrò tó túká. Kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan àti àdúgbò ẹ̀ dáadáa, torí orúkọ ló ń mú kí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ní London fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá. Kí àṣekágbá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé. Aago mẹ́ta ni yẹn ní London nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni Houston. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ti sùn.

Ẹ̀kẹrin, kí a gba ìyọ̀ǹda òbí kí a tó gbé àwòrán ọmọ kékeré jáde, kí a má sì kọ nọ́ńbà fóònù tàbí ilé ìwé ọmọ sábẹ́ ẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà lórí ayélujára kọ́ lèèyàn rere.

Mi ò ní tan yín. Owó yìí lè má tó ti ilé tẹ́tẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́. Ife lè kéré, pápá lè ṣì gbún díẹ̀. Ṣùgbọ́n tiwa ló máa jẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa wá béèrè ojú àwọn ọmọ wa gẹ́gẹ́ bí èlé.

Ìbò ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, akọ̀wé àgbà ti fi fọ́ọ̀mù sí gúrúùpù WhatsApp wa, ẹ dìbò kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹni tó bá dìbò pé ká kọ̀ ọ́, kó jọ̀ọ́ kọ iye tí òun náà máa dá sábẹ́ ẹ̀. Ẹnu lásán ò lè ra bọ́ọ̀lù.

Ìlú wa ò ní bàjẹ́. Àwọn ọmọ wa á gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á gbayì, wọn ò ní fi ọjọ́ ọ̀la ta tẹ́tẹ́.