Ìjókòó Gíà Land Rover Wa: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún

 

Iṣẹ́ tí ẹ rán àwa ìgbìmọ̀ ọkọ̀ ni pé kí a wádìí bóyá ó yẹ kí ẹgbẹ́ ta Land Rover àtijọ́ tí a fi ń gbé aláìsàn láti oko wá sí ilé ìwòsàn. Ẹ rántí pé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, abẹ́ ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgà nígbàkigbà tí awakọ̀ bá fẹ́ gbéra. Bí ó bá ń gun òkè, ọ̀pá gíà a máa ta jáde fúnra rẹ̀. Àwọn kan sọ pé gíà ti kú, wọ́n sì ní kí a mú owó kànga fi ra gíà tòkunbọ̀. Àwọn mìíràn ní kí a tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Àbọ̀ ìwádìí wa nìyí: gíà kò kú. Rọ́bà méjì tí ó jókòó lé ni ó kú.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé bí rọ́bà méjì ṣe lè sọ odidi ọkọ̀ di aláìlágbára. Ìlú Amsterdam ni a ti kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde fún ayé rí ní oṣù kẹrin ọdún 1948. Series III ni tiwa, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1971, tí wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1985. Nínú irú ọkọ̀ yìí, a de ẹ́ńjìnnì, gíà ńlá, àti gíà kékeré tí ń pín agbára fún ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, pọ̀ bí ẹrù kan ṣoṣo. Ẹrù yìí kò gbọdọ̀ fi irin kan ṣáásì, èyí tí í ṣe egungun ọkọ̀. Orí rọ́bà mẹ́rin ni ó jókòó lé: méjì níwájú lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, méjì lẹ́yìn lábẹ́ gíà. Àwọn ti ẹ̀yìn yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní síìtì gíà, tí àwa ń pè ní ìjókòó gíà. Rọ́bà tí ó nípọn ni, a sì lẹ̀ ẹ́ pinpin mọ́ irin lókè àti nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe. Ó ń ru ẹrù. Ó ń gba ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì kí ó má baà dé ara ọkọ̀. Ẹ̀kẹta ni ó sì ṣòro jù: nígbà tí gíà bá ń yí ọ̀pá tí ń lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, gíà fúnra rẹ̀ a máa fẹ́ yí sí òdìkejì, rọ́bà yìí ni ó sì ń dì í mú. Nínú Land Rover wa, gíà kìíní a máa sọ agbára ìyípo ẹ́ńjìnnì di ìlọ́po 3.68. Bí awakọ̀ bá tún fa gíà kékeré sí ìsàlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, a tún sọ èyí di ìlọ́po 2.35. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó lé ní ìlọ́po mẹ́jọ. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Nígbà tí a pa ẹ́ńjìnnì tí a wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, a kọ́kọ́ mi ọ̀pá agbára ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, nítorí pé bí oríkèé wọn bá ti jẹ, irú ariwo kan náà ni wọ́n ń pa. Wọn kò mì. Ṣùgbọ́n bí a ti fi igi gbé ìdí gíà sókè díẹ̀, rọ́bà ọwọ́ ọ̀tún yà kúrò lára irin rẹ̀. Òróró tí ń jò láti inú gíà ni ó ti rin ín títí ó fi wú, tí ó sì rọ̀. Ní ọwọ́ òsì, ẹnì kan ti ki awẹ́ táyà bọ abẹ́ gíà kí ariwo lè dákẹ́. Ó dákẹ́ nítòótọ́, ṣùgbọ́n gíà wọ́, wàhálà sì di ti ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Nítorí náà, bí gíà bá ti gbéra nílẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ a gbá etí ihò tí ó gbà jáde, a sì ta kúrò níbi tí a fi í sí.

Wẹ́dà kan gbà wá níyànjú pé kí a fi irin jó gíà mọ́ ṣáásì, kí ọ̀rọ̀ náà lè parí. A kò gbà. Ọ̀nà oko a máa lọ́ ṣáásì. Bí kò bá sí rọ́bà tí yóò fàyè gbà á, ara gíà ni yóò gba ìlọ́ náà, aluminíọ̀mù kì í sì í tẹ̀ kí ó tó là. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

A kò ní fi àṣìṣe tiwa náà pamọ́. Ní ọjọ́ tí a fẹ́ pààrọ̀ rọ́bà, a fa bíréèkì ọwọ́, a sì fi jáákì gbé táyà ẹ̀yìn kan kúrò nílẹ̀. Ọkọ̀ náà yí. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ kan fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú kí jáákì tó ṣubú. Bíréèkì ọwọ́ irú ọkọ̀ yìí kì í mú táyà. Ọ̀pá agbára tí ń bọ̀ láti ẹ̀yìn gíà ni ó ń mú. Bí táyà ẹ̀yìn kan bá gbéra nílẹ̀, tàbí bí a bá tú ọ̀pá náà, bíréèkì ọwọ́ di asán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí fún gbogbo ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀: ẹ fi igi tàbí òkúta dínà táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lẹ́yìn èyí, a kò gbé táyà kankan mọ́. A tú wáyà bátìrì, a ṣí irin ilẹ̀ ọkọ̀, a sì da òróró sí àwọn nọ́ọ̀tì kí wọ́n sùn mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, a tẹ́ pákó sórí jáákì kí irin má baà lu ara gíà, a sì gbé e díẹ̀díẹ̀ títí ẹrù fi kúrò lórí rọ́bà. Ẹnì kan ń ṣọ́ iwájú, kí fáànù má baà gbá rédíétọ̀ bí ìdí gíà ti ń gòkè. A fi rọ́bà tuntun méjèèjì sí i, nítorí pé bí a bá pààrọ̀ ẹyọ kan, ogbólógbòó yóò ba tuntun jẹ́. A kò fún nọ́ọ̀tì pinpin títí ẹrù fi padà jókòó dáradára. A tún dí ibi tí òróró ti ń jò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ asán ni gbogbo làálàá wa.

Láti ìgbà náà ọkọ̀ ti ń gun òkè láìta gíà jáde. A kò sọ pé kò ní gbó. Ìpẹtà wà lára ṣáásì, a sì gbọ́dọ̀ máa wò ó. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ má tà á, kí owó kànga sì wà fún kànga. Kí awakọ̀ má fa bíréèkì ọwọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, nítorí pé ìjókòó gíà ni ó ń fìyà rẹ̀ jẹ. Ẹ̀yin ọmọ wa ní òkè òkun, bí ẹ bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ẹ fi rọ́bà tuntun ránṣẹ́ ní méjì-méjì. Ẹ má fi tòkunbọ̀ ránṣẹ́, nítorí pé rọ́bà a máa gbó bí ènìyàn, ì báà má ṣiṣẹ́ kankan.