Agbára Ẹṣin àti Ipá Ìyí Nínú Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù



Alùpùpù ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń jẹun, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ rà á, agbára ẹṣin nìkan ni a máa ń béèrè. Ipá ìyí ńkọ́?

Bí a bá fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó le, ipá tí a fi yí i ni ipá ìyí. Bí sípánà bá ṣe gùn tó ni ipá náà ṣe ń pọ̀ tó. Agbára ẹṣin ní tirẹ̀ ń wọn bí iṣẹ́ ti yá tó: gbígbé ẹrù kílò 75 sókè ní ìwọ̀n mítà 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1 ni agbára ẹṣin 1.

Jíà kìíní dà bí sípánà gígùn. Ó ń sọ ipá ìyí di púpọ̀ kí ó tó dé táyà, ó sì ń dín eré kù. Kò fi kún agbára ẹṣin rárá. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gun òkè tẹ̀yin tẹrù, ẹ já jíà wálẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì tí a bá ń fipá mú yóò gbóná, ṣéènì rẹ̀ yóò sì tètè gbó. Owó oúnjẹ ọmọ ni a ó sì fi tún un ṣe.

Ìmọ̀ iṣẹ́ ni ààbò òṣìṣẹ́.